Ìkúnlẹ̀ tí Olúfúnṣọ́ Kò Fẹ́ Gbà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Olúfúnṣọ́ jẹ́, ẹ ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú rẹ̀. Ẹ pe Ọjọ́rú ní Ọjọ́bọ̀, ẹ pe àbúrò ní ẹ̀gbọ́n, kíá ló máa dáhùn pé, “Kò rí bẹ́ẹ̀.” Kì í ṣe pé ó burú. Olùkọ́ ìṣirò ni. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Adó-Èkìtì débi pé àwọn kan tó kọ́ ti ń mú ọmọ tiwọn wá bá a ní kíláàsì, bíírò pupa kò sì kúrò nínú báàgì rẹ̀ rí. Ẹni tó bá fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àṣìṣe, àṣìṣe ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rí. Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí akéde bá ka déètì tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọrùn Olúfúnṣọ́ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí tó yí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wọ inú ilé rẹ̀ tí bíírò pupa kò lè tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Màámi ni gbogbo wọn ń pè é nínú ilé. Ní Igbemo-Èkìtì, Ìyá Ọmọ́níyì ni. Igbemo ló ti lo ayé rẹ̀. Ó gbin ìrẹsì, ó bọ ìrẹsì, ó fẹ́ ìrẹsì, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Nígbà tí iyè bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó, tó ń jáde lọ lé ẹyẹ ní oko tí wọ́n ti kọ́lé sí tipẹ́, ọmọ rẹ̀ Ọmọ́níyì lọ gbé e wá sí Adó kó wá máa bá wọn gbé. Tayọ̀tayọ̀ ni Olúfúnṣọ́ gbà á. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ìyá náà kò bá a ṣe aburú rí. Yàrá tí oòrùn àárọ̀ máa ń wọ̀ ló tún ṣe fún un.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí di àárọ̀ ọjọ́ kan. Olúfúnṣọ́ gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín wọlé. Màámi wò ó, ó tún un wò, ojú rẹ̀ wá yí padà bí ojú ẹni tó rí ẹni tí kò retí. Ó fi ọwọ́ ti bẹ́ẹ̀dì, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún.

“Ùyálé mi,” ló wí, “ẹ káàárọ̀ o.”

Díẹ̀ ló kù kí oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ Olúfúnṣọ́. Ìyá ọkọ, kó máa kúnlẹ̀ kí ìyàwó! Ìyàwó tó bá dúró tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀, kí ló fẹ́ wí fún ayé? Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó sáré di ìyá náà mú lápá méjèèjì, ó gbé e dìde, òun fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀ wọlẹ̀.

“Èèwọ̀, Màámi! Kò rí bẹ́ẹ̀! Èmi kọ́ ni ìyálé yín. Fúnṣọ́ ni, ìyàwó yín. Ìyálé yín ti kú tipẹ́.”

Màámi bú sẹ́kún. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún, nígbà tó sì dákẹ́, ó kọjú sí ògiri.

Ìyálé tó ń wí náà ni Ìyá Ajíbádé, ìyàwó àkọ́fẹ́ bàbá Ọmọ́níyì. Kí Olúfúnṣọ́ tó mọ ilé wọn ló ti kú. Fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo ló rí rí. Bóyá imú wọn ló jọra, bóyá bó ṣe ń so gèlè ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó dájú ni pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí àárọ̀ kan tó mọ́ kí Màámi má gbìyànjú àtikúnlẹ̀. Olúfúnṣọ́ á gbé e dìde, á sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, Màámi á kọjú sí ògiri.

Kò wá jẹun mọ́. Ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àní ìrẹsì Igbemo tí òórùn rẹ̀ nìkan ti tó láti jí i tẹ́lẹ̀, kò fẹnu kàn án. Búrẹ́dì tí Ọmọ́níyì bá rà bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nìkan ló máa ń bù jẹ díẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti ìdáná ilé náà jáde, kò fẹ́.

“Kí ló dé tí ẹ ò jẹun, Màámi?”

“Ulé Ùyálé ni. Ìkòkò wọn ni. Ẹni tí mo kí tí wọn ò jẹ́ mi lóhùn, ṣé n ó wá jẹ oúnjẹ wọn?”

Olúfúnṣọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sí ìsọkúsọ àgbà tí iyè ń fò. Kò mọ̀ pé ìdáhùn ìṣirò ni wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ìyá náà ní ara rẹ̀ ṣì le, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbé ayé lórí búrẹ́dì. Bó bá ń bá a lọ báyìí, ọsibítù ló kù, níbi tí wọ́n á ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú. Àbúrò Ọmọ́níyì obìnrin náà wá láti Igbemo, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, “Ìyàwó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá wa ti wọlé o.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé mọ ohun tó ń bẹ nínú irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀, Olúfúnṣọ́ kò sì sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan.

Ọmọ rẹ̀, Oore-ọ̀fẹ́, tó wà ní yunifásítì, ló wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ kan tó wo ojú rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu yín.”

“Ẹ̀rín kẹ̀? Ta ni inú rẹ̀ dùn tó fẹ́ rín in?”

Oore-ọ̀fẹ́ ní kíláàsì ẹ̀fẹ̀ kan wà ní àdúgbò Adébáyọ̀, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta ìwé, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ó ti forúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ná. Òun fúnra rẹ̀ á máa jókòó ti ìyá àgbà. Olúfúnṣọ́ ní ṣé òun fẹ́ di aláwàdà lọ́jọ́ ogbó òun ni. Ó bínú, ó ráhùn, ó wọ bàtà, ó lọ.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe àpárá tí èèyàn há sórí láti lọ sọ níbi ìnáwó. Eré àìròtẹ́lẹ̀ ni. Ẹni méjì á bọ́ síwájú, kò sí ìwé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí èkejì fẹ́ sọ. Bí ọ̀kan bá ti ní, “Dókítà, eyín ń dùn mí,” èkejì ti di dókítà nìyẹn. Kò gbọdọ̀ sọ pé awakọ̀ lòun. Tìmílẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń kọ́ wọn, ní òfin kan tó máa ń tẹnu mọ́: “Ohun tí ẹnì kejì bá gbé fún yín, ẹ gbà á, kí ẹ sì fi kún un.”

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n pe Olúfúnṣọ́ síwájú pẹ̀lú Khadeejah, ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì. Khadeejah di orí mú, ó pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí omi ṣe ń ya wọ inú ọkọ̀ ojú omi wa!”

Olúfúnṣọ́ wo ilẹ̀, ó wo òkè àjà. “Mi ò rí omi kankan. Àti pé kò sí odò tó gba ọkọ̀ ojú omi ní Adó.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn, ó rò pé òun ti yege. Ṣebí ẹ̀rín ni wọ́n ní ká wá rín. Tìmílẹ́yìn rọra sún mọ́ ọn.

“Mà, ẹ ti jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn rì o. Khadeejah sì wà nínú rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà bá a dé ilé. Ní ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin kan dìde ní kíláàsì rẹ̀, ó fún un ní ìdáhùn tó jìnnà réré sí òtítọ́. “Kò rí bẹ́ẹ̀” ti dé etí ètè Olúfúnṣọ́, ló bá gbé e mì. Ó ní, “Ó dáa. Báwo lo ṣe dé ibẹ̀?” Ọmọ náà ṣàlàyé, Olúfúnṣọ́ sì rí oríta gan-an tó ti ṣìnà, oríta tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe àmì sí dáadáa nígbà tó ń kọ́ wọn. Èèjì àti èèjì ṣì jẹ́ ẹ̀rin o. Kò sí eré tó lè sọ ọ́ di àrún. Àmọ́ ó yà á lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń pa ẹnu àwọn ọmọ dé kó tó gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ inú kíláàsì eré náà ní ìṣòro tiwọn. Bí wọ́n bá ní kí ọ̀kan ṣe ọ̀gá, kí ẹni tó jù ú lọ ṣe ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá á máa pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní “ẹ̀yin bàbá.” Tìmílẹ́yìn á káwọ́ lérí. Kí ni kó ṣe? Àwa tí wọ́n kọ́ ní ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ sísọ, ara wa ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Alhaji Mọ́nsúrù, tó ń ṣe àga onítìmùtìmù nítòsí Ọjà Ọba títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní jíjókòó lásán ló gbé òun wá, pé òun ti ṣe àga fún gbogbo ìlú, òun kò fẹ́ kú sórí ọ̀kan. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ní Sátidé kan, Tìmílẹ́yìn gbé àga sí àárín ilé, ó ní kí Olúfúnṣọ́ lọ jókòó, kí Alhaji wọlé bá a. Bí bàbá náà ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi! Mo ti fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá gbà lónìí!”

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Olúfúnṣọ́ ti fò sókè lórí àga. “Èèwọ̀! Alhaji, ẹ dìde! Ẹ tó bàbá bí mi!” Òun náà kúnlẹ̀, ó ń fà á lápá. Àgbàlagbà méjì wà nílẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn kí èkejì dìde. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àmọ́ Alhaji kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn kíláàsì, ó bá a lórí àtẹ̀gùn.

“Tíṣà, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀.”

“Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè jókòó kí àgbà dọ̀bálẹ̀ fún mi.”

“Mo mọ̀, ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta lẹ bọ̀wọ̀ fún? Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi wá dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu mi, ẹ ò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ dé ibì kan. Ẹ gbé mi dìde, ẹ sì ní kí n máa gbé ẹ̀bẹ̀ mi lọ. Ẹni tí wọn ò gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, Tíṣà, bí ẹ gbé e dìde, bí ẹ tì í ṣubú, ọ̀kan náà ni.”

Olúfúnṣọ́ dúró. Ẹni tí mo kí tí wọn ò jẹ́ mi lóhùn. Ó gbọ́ ọ gbọnmọgbọnmọ bí ẹni pé Màámi dúró lórí àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú wọn. Gbogbo àárọ̀ tó ti ń fi apá méjèèjì gbé ìyá náà dìde, tó ń rò pé ọ̀wọ̀ lòun ń bù fún un!

“Alhaji,” ó wí, “bí ẹnì kan bá gbé ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún wa, tí a gbà á, ṣé irọ́ kọ́ la pa?”

Bàbá náà fi ìbéèrè dá a lóhùn. “Nígbà tí ọmọ yín wà ní kékeré, tó bu yẹ̀pẹ̀ sínú agolo tó ní, ‘Mọ́mì, ẹ wá jẹ ìrẹsì,’ ṣé ẹ pè é ní òpùrọ́ ni? Ẹ ṣe ẹnu jẹun-jẹun, ẹ ní ó dùn, àbí? Ọmọ náà mọ̀ pé yẹ̀pẹ̀ ni. Ohun tó fẹ́ ni kẹ́ ẹ jókòó ti òun.”

Olúfúnṣọ́ rántí, ojú sì tì í díẹ̀, torí ohun tó sọ fún Oore-ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ náà ni pé kó lọ fọwọ́, yẹ̀pẹ̀ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe jẹun tán, ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. “Bàbá Oore, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín Màámi àti Ìyá Ajíbádé?”

Ọmọ́níyì wò ó bíi pé ibo ni ìyẹn ti jáde. Ó ní ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni. Màámi sá ìrẹsì sí àgbàlá, ewúrẹ́ ìyálé jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú, Màámi sì búra níwájú gbogbo agboolé pé orúnkún òun kò ní kanlẹ̀ kí ìyálé náà mọ́ láyé. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ọdún ń gorí ọdún, wọn kò kí ara wọn.

“Ìyá Ajíbádé á máa jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ìdáná láràárọ̀, bí ẹni tó ń retí àlejò. Màámi á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sóko. Oko ló wà nígbà tí ìyẹn kú. Wọ́n sin ín, Màámi ò sunkún. Ó ní ojú òun gbẹ.”

Olúfúnṣọ́ wá sọ ohun tó ń rò: pé bóyá ìkúnlẹ̀ tí Màámi kò kúnlẹ̀ nígbà náà ló ń wá ẹni tó máa gbà á báyìí. Pé bóyá kí òun jókòó, kí òun gbà á.

Ojú Ọmọ́níyì yí padà. “Kí ìyá mi kúnlẹ̀, kí o jókòó máa wò ó?”

“Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé—”

“Ojú mi ò ní rí i, Ìyá Oore. Eré lẹ̀ ń ṣe ní Adébáyọ̀. Ìyá mi kì í ṣe eré.”

Ó dìde, ó wọlé. Olúfúnṣọ́ kò lè bínú sí i, nítorí ohun tí òun náà ìbá sọ ní oṣù kan sẹ́yìn nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màámi kọ búrẹ́dì pàápàá. Omi nìkan ló ń mu. Nọ́ọ̀sì ní bó bá di ọjọ́ Ajé, kí wọ́n máa gbé e bọ̀ ní ọsibítù. Wọ́n ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Olúfúnṣọ́ gún iyán. Ẹni tó bá ní iyán kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀, kò tíì dé Èkìtì. Ó bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i, ó gbé e lọ sí yàrá Màámi, ó tún padà wá gbé àpótí ìdáná. Ọmọ́níyì wà nílé ìwẹ̀, ó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Olúfúnṣọ́ gbé àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, ó jókòó. Ọjọ́ tí wọ́n wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láti ilé iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀rù kò bà á tó báyìí.

Màámi lajú. Ó rí i lórí àpótí. Ó ti rù débi pé ó pẹ́ kó tó lè ti bẹ́ẹ̀dì sọ̀kalẹ̀, gbogbo iṣan ara Olúfúnṣọ́ sì ń pariwo pé kó dìde, kó gbé e, kó dì í mú. Ó di etí àpótí mú dípò rẹ̀. Orúnkún ìyá náà kan ilẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e.

“Ùyálé mi, ẹ káàárọ̀ o.”

Gbà á.

Olúfúnṣọ́ la ẹnu. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí, kò sì pe ìyá ọkọ ní “ìwọ” rí, kódà lójú àlá.

“Káàárọ̀, Ìyá Ọmọ́níyì. Ṣé o jí ire?”

Màámi gbé orí sókè. Omi ti ń ṣàn lójú rẹ̀. Olúfúnṣọ́ ti dáhùn, ó ti gbà á. Kí ló kù? Kí ẹ sì fi kún un.

“Mo ti ń retí rẹ,” ni Olúfúnṣọ́ wí. “Láràárọ̀ ni mò ń jókòó sórí àpótí yìí tí mò ń retí rẹ.”

“Mo rí yín.” Ohùn ìyá náà kò ju ohùn ọmọdé lọ. “Gbogbo ùgbà ni mò ń rí yín. Mo ń rí yín, mo sì ń gba ẹ̀yìnkùlé. Ewúrẹ́ ló jẹ ìrẹsì, Ùyálé, èmi ni mo wá fi ẹnu jẹ yín. Agídí ló mú mi lórúnkún. Ẹ dárí jì mí. Ẹ gba kíkí mi.”

Ọ̀rọ̀ yìí wá tóbi ju eré lọ. Ta ló fún Olúfúnṣọ́ láṣẹ láti dárí jini lórúkọ òkú? Ó wá a nínú Bíbélì tó mọ̀, ó wá a nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, kò rí i. Ohun tó rí ni àgbàlagbà tó na ọwọ́ méjèèjì sí i láti ilẹ̀. Ọmọ tó bá ṣípá là á gbé. Kò sẹ́ni tó ní ká kọ́kọ́ béèrè bóyá àwa gan-an ni ìyá rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, bí ìyálé ṣe máa ń ṣe fún ìyàwó. “Ó ti tán, aya mi. Èmi náà jẹ̀bi. Ewúrẹ́ tèmi ni, mi ò dè é mọ́lẹ̀. Mo ti gba kíkí rẹ. Dìde, jẹ́ ká jẹun.”

Ìgbà yìí ló wá gbé e dìde. Apá méjèèjì tó fi ń gbé e tẹ́lẹ̀ náà ló fi gbé e, ó gbé e jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àwo sáàárín wọn. Ó bu òkèlè, ó jẹ. Màámi wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọbẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú àwo kan náà, ó bu òkèlè kékeré kan, ó gbé e mì. Ó bu òmíràn. Èyí tó bù ṣìkẹta tóbi débi pé Olúfúnṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù kó má há a lọ́fun.

Ìgbà tó gbé ojú sókè ló rí Ọmọ́níyì lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe di fìlà náà mú, Olúfúnṣọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìsinsìnyí ló dé. Ó rí ìkúnlẹ̀ náà. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ le koko, Olúfúnṣọ́ sì mọ̀ pé bó bá la ẹnu tó ní “Màámi, kò rí bẹ́ẹ̀,” òkèlè á bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà, gbogbo rẹ̀ á sì bàjẹ́ lójú kan.

Màámi náà rí i. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Háà, Ajíbádé! O ti dé ulé? Kí lò ń dúró ṣe bí òpó báyìí, o ò kí ìyá rẹ? Àwa ti parí ìjà o!”

Ìyàwó tó mọ ìwà nínú Olúfúnṣọ́ fẹ́ dìde lórí àpótí yẹn kó tó pẹ́ jù, kó gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbéra. Ó dá a dúró, ó jókòó, ó wo ojú Ọmọ́níyì, kò fi ojú pàṣẹ, kò sì fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ́níyì wo ẹnu ìyá rẹ̀, tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti ta sí ní ìhà méjèèjì. Ó wo àwo. Iyán ti dín kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó gbé fìlà sórí tábìlì, ó rọra ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò funfun sókè. Ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, níwájú ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” ló wí.

Màámi bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé Adó, ó fi ọwọ́ ọbẹ̀ lu itan Olúfúnṣọ́. “Ọmọ dáadáa lẹ bí, Ùyálé.”

“Káàárọ̀, Ajíbádé, ọmọ mi,” ni Olúfúnṣọ́ wí láti orí àpótí. “Dìde, lọ bu omi wá fún ìyá rẹ kékeré.”

Ọmọ́níyì kò tètè dìde. Èjìká rẹ̀ ń mì nílẹ̀ níbẹ̀. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni, Olúfúnṣọ́ kò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó wá dìde, ó lọ bu omi wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú báàgì ọsibítù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.